Kẹ́míkà tó ń dí ojú jíjò àti èyí tó ń fọ ẹ́ńjìnnì: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sínú ogbólógbòó ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí náírà sì tún já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, apá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ò ká ọkọ̀ tókúnbọ̀ mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ la ń rọ́jú lò. Níbí nílùú Ìwó, Corolla tó ti lé lógún ọdún ṣì ń ná Òṣogbo àti Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí ìgò kéékèèké tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì: ọ̀kan ní òun á dí rédíétọ̀ tó ń jò, èkejì ní òun á fọ nọ́sù, ẹ̀kẹta ní òun á sọ ẹ́ńjìnnì di tuntun.

Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́ àbí wọ́n kàn ń gbowó wa? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àsìkò díẹ̀ ni wọ́n ń rà fún yín, wọn kì í tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ẹ́ńjìnnì odindi dí i.

Báwo ló ṣe ń dí ojú jíjò?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní èérún kéékèèké nínú. Àwọn tó ń ṣe é tiẹ̀ ti lo atalẹ̀ lílọ̀ rí. Omi rédíétọ̀ á máa gbé èérún yìí kiri, tó bá dé ojú ihò, á há síbẹ̀. Ọgbọ́n kan náà làwọn awakọ̀ àtijọ́ ń dá tí wọ́n bá fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀ lójú ọ̀nà. Oríṣi kejì ni sodium silicate, olómi tó máa ń le bíi gíláàsì tí ooru bá kàn án. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ní ó ń dí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe àwa tówó ò tó lọ́wọ́ wa nìkan là ń lò ó o. Lọ́dún 1958, USS Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń lo agbára núkílíà, fẹ́ gba abẹ́ yìnyín kọjá ní òpin àríwá ayé. Omi òkun ń yọ́ wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀, wọn ò sì rí ojú ibẹ̀ gan-an. Àwọn atukọ̀ náà wọ aṣọ ilé, wọ́n lọ sílùú Seattle, wọ́n ra bí 140 agolo stop leak tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ lásán. Wọ́n dà á sí i, ó dí. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ, wọ́n dé òpin àríwá ayé. Àmọ́ ẹ rántí pé omi tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi dí.

Ohun tó ń gbà là náà ló ń pa

Lọ́dún 2009, ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó fáwọn tó bá fi ọkọ̀ ajẹpo wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè ra tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má baà tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lò mọ́, wọ́n á fa ọ́ìlì rẹ̀ dànù, wọ́n á da sodium silicate rọ́pò, wọ́n á wá tan ọkọ̀ títí tó fi máa nọ́ọ̀kì. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dí gásíkẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn! Tó bá dúró lójú ọ̀nà omi, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Tó bá bọ́ sójú ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ti wà nínú ewu. Nítorí náà, tí omi bá ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì yín, tí ọ́ìlì wá dà bíi tíì onímílíìkì, ẹ má da nǹkan kan sí i. Ẹ pa ọkọ̀, kẹ́ ẹ pe mẹkáníìkì.

Ìgbà wo lẹ lè lò ó?

Tí rédíétọ̀ bá ń kán tó-tó-tó, tẹ́ ẹ sì wà lójú ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn níbi tí kò sí mẹkáníìkì nítòsí, ẹ lè lò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí, torí omi gbígbóná inú rẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni kẹ́ ẹ dà, ẹ má sọ ìgò kan di méjì. Tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ lọ tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì fọ rédíétọ̀ náà.

Kí ló dé tí àpọ̀jù fi burú? Àwọn ọ̀nà omi inú rédíétọ̀ tín-ín-rín gan-an. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bu omi kànga sí i dípò kúláǹtì, ìpẹtà sì ti kún ibẹ̀. Tí stop leak bá tún kún un, ọ̀nà á dí, ọkọ̀ á wá máa gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ hóòsì ló bẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ti ọ́ìlì, àwọn kẹ́míkà kan máa ń rọ síìlì rọ́bà tó ti gan, ṣùgbọ́n wọn ò lè so èyí tó ti ya. Tó bá wá jẹ́ táǹkì epo tàbí bíréèkì ló ń jò, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ọṣẹ dí táǹkì. Iná ò mọ ọṣẹ o.

Èyí tó ń fọ nọ́sù àti ẹ́ńjìnnì ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1995 ni òfin ti ní kí kẹ́míkà tó ń fọ ìdọ̀tí wà nínú gbogbo epo bẹntiróòlù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ti ìgò, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ PEA sí i lára, ìyẹn polyetheramine. Ó máa ń fọ èédú ara nọ́sù lóòótọ́. Àmọ́ kò lè jí pọ́ǹpù tó ti kú, kò sì lè wo epo burúkú sàn. Nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà lọ́dún 2022, fífa epo náà dànù ni ọ̀nà àbáyọ.

Èyí tí wọ́n fi ń fọ inú ẹ́ńjìnnì kó tó di pé wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ ṣọ́ra fún un. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, ó lè ṣí ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ra nídìí, kí ìyẹn lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ẹ kúkú máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀

Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ lè fi stop leak bo àléébù mọ́lẹ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ wò ó, kó tó gbóná. Ẹ ṣí rédíétọ̀, kẹ́ ẹ ti ìka bọ̀ ọ́: tẹ́ ẹ bá bá ẹrẹ̀ tàbí èérún, ẹ bèèrè. Ẹ wo abẹ́ ìdérí ọ́ìlì bóyá ó funfun. Ẹ tan ọkọ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá omi ń hó kùtù nínú rédíétọ̀. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi ara yín kẹ́ ẹ tó ra ìgò kankan: Kí ló ń jò? Ṣé ó ń kán ni àbí ó ń dà? Ọjọ́ wo ni mo máa tún un ṣe? Tẹ́ ò bá ní ìdáhùn sí ìkẹta, ẹ tọ́jú owó ìgò náà, kẹ́ ẹ fi kún owó mẹkáníìkì.