Àdá, Ẹ̀fọn àti Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Oko Wa Nínú Ẹ̀kọ́ Ẹfolúṣọ̀n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọdún 1859 tí Charles Darwin ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde ni a ti ń kọ́ wa pé àbùdá tó bá ran ẹ̀dá lọ́wọ́ láti yè kí ó sì bímọ ni yóò máa pọ̀ láti ìran dé ìran. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń wo ilẹ̀, omi, kòkòrò àti ènìyàn bí ètò kan ṣoṣo tí ẹ̀yà rẹ̀ so kọ́ra. Ǹjẹ́ ìwòye méjèèjì bára mu? Ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá fúnra rẹ̀ lè dáhùn.

Ẹ wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ tó gba àbùdá S lọ́dọ̀ ìyá àti baba, ìyẹn SS, ló ń ní in. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn baba wa pè ní àbíkú jẹ́ irú wọn. Kí ló dé tí àbùdá tó ń pa ọmọ kò fi parun? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà pé ẹni tó gba ẹyọ kan péré, AS, ní ààbò lọ́wọ́ ibà.

Ní 1958, Frank Livingstone wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì mú oko wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àgbẹ̀ fi àdá ṣán igbó láti gbin iṣu. Oòrùn kan ilẹ̀, omi dárogún, ẹ̀fọn rí ibi yé sí, àwọn ènìyàn sì pọ̀ ní abúlé. Bí ibà ṣe ń gbilẹ̀ ni AS ń wúlò sí i. Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, ṣírò pé àbùdá náà ti wà láti nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, oko iṣu inú igbó kọ́ ló dá a. Ohun tí Livingstone ń sọ ni pé oko ló fún un láàyè láti tàn kálẹ̀.

Darwin nìkan kò lè sọ ìdí tí S fi ṣàǹfààní níbí tó sì jẹ́ kìkì ewu níbi tí kò sí ibà. Ètò nìkan kò sì lè sọ bí oko ṣe wọ inú ẹ̀jẹ̀. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Lónìí, láti Benson ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ilé ń gba ipò oko, oògùn àti àwọ̀n sì ń bá ibà jà. Àǹfààní AS ń dín kù, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò yẹ̀: nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní in, bí AS méjì bá sì fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́rin ànfàní láti di SS. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.