Ẹjọ́, Ilẹ̀ àti Wáyà Kejì: Orírun Ọgbọ́n Dídẹ́kun Ariwo Nínú Iná Mànàmáná

Ẹni tí ó bá ṣí àpótí tí ń fún kọ̀ǹpútà ní iná yóò rí òrùka dúdú kan nítòsí ibi tí iná ti ń wọlé, tí a we wáyà méjì mọ́. Common mode choke ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dẹ́kun ariwo, èyíinì ni ìṣàn iná tí a kò fẹ́, tí ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ sáà kọ̀ǹpútà ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wà ṣáájú ọdún 1900, ẹjọ́ ni ó sì sọ ọ́ di dandan.

Nígbà tí Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní ọdún 1876, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà láti ilé dé ilé. Ilẹ̀ ni iná ń gbà padà. Ní ọdún 1881, Bell kan náà gba ìwé àṣẹ lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn láti lé ariwo jìnnà. Ṣùgbọ́n wáyà méjì kì í ṣe owó wáyà kan, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ kò yára tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1888, Frank Sprague mú ọkọ̀ ojú irin oníná wọ ìgboro Richmond ní Virginia, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Iná àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú ń gba irin àti ilẹ̀ padà, ó sì ń ya wọ inú tẹlifóònù tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò fi gbọ́ mọ́. Hudson River Telephone Company pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Watervliet lẹ́jọ́ nítorí ọ̀ràn Albany. Ní ọdún 1892, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York dá ọlọ́kọ̀ láre: kò gbà pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹrù wáyà kejì tó bọ́ sí ọrùn ẹni tí kò fẹ́ gbé e.

Ohun tí wáyà kejì ṣe ni pé ó ya ọ̀rọ̀ nípá kúrò lára ariwo. Ọ̀rọ̀ ń gba wáyà kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀; ariwo ń rìn sí apá kan náà nínú méjèèjì. Bí a bá we méjèèjì mọ́ òrùka kan, irú èyí tí Michael Faraday lò ní London ní ọdún 1831, agbára òòfà tí àlọ ọ̀rọ̀ dá sílẹ̀ ni àbọ̀ rẹ̀ ń pa rẹ́, ṣùgbọ́n ti ariwo ń ro pọ̀ mọ́ra, òrùka náà a sì dènà rẹ̀. Irin lásán kò dára fún ariwo tí ń yí padà kíákíá, nítorí pé ó ń gbóná. Ferrite tí Kato àti Takei ṣe ní Tokyo ní ọdún 1930, tí Snoek sì tún ṣiṣẹ́ lé lórí ní Philips, ni ó yanjú èyí.

Òfin tún ni ó ti iṣẹ́ síwájú. Ní ọdún 1979, FCC ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí ariwo tí kọ̀ǹpútà lè tú síta, òrùka dúdú náà sì wá di ohun tí a ń bá nínú ẹ̀rọ gbogbo. Ariwo tí ó ń dá dúró níbẹ̀, ilẹ̀ ni ó ṣì ń wá ọ̀nà láti gbà padà.