Láti Etí Ènìyàn dé Etí Ẹ̀rọ

Iṣẹ́ kí á máa fi etí wá ìlú àlejò kì í ṣe iṣẹ́ òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ẹni tó bá ka Ìwé Àwọn Onídàájọ́ yóò rántí bí àwọn ará Gileadi ti dúró sí etí odò Jọ́dánì, tí wọ́n ń ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gòkè odò pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Ṣibolẹti, àti bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá pè é ní Sibolẹti ti ń bá idà pàdé lójú ẹsẹ̀, títí 42,000 ènìyàn fi ṣubú nínú ẹ̀yà Efraimu. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ìbá ṣègbé sí etí odò yẹn, nítorí ẹni tó ti ń pe iṣu ní isu láti kékeré kò lè fi òòjọ́ yí ahọ́n padà.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí ìbéèrè nípa ibi tí ènìyàn ti wá bá ìmọ̀ àti ìyọ́nú rìn. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹrú lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí òkun, tí wọ́n sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown ní Sàró, ìlú náà kún fún ọmọ ẹni orí kó yọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Níbẹ̀ ni Sigismund Koelle, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ C.M.S., ti pè wọ́n jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi wọ́n ní orúkọ ìlú wọn, bí a ti mú wọn lẹ́rú, àti bí wọ́n ti ń pe ohun kan náà nílé baba wọn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1854, Polyglotta Africana, ẹ̀ka-èdè 12 ló kó jọ sábẹ́ àwọn tí Sàró ń pè ní Àkú, èyí tí í ṣe àwa Yorùbá: Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọbòkun wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè kò gbẹ́yìn, Yàgbà àti Oǹdó sì wà pẹ̀lú wọn. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé ó kọ́kọ́ gba ẹni náà gbọ́ nípa ibi tó ti wá, lẹ́yìn náà ló tó kọ́ èdè ibẹ̀ láti ẹnu rẹ̀.

Àwọn tó gba iṣẹ́ yìí ṣe lẹ́yìn rẹ̀ dorí rẹ̀ kodò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjọba Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ogúnléndé tí kò ní ìwé ìrìnnà sílẹ̀, kí àwọn olùtúpalẹ̀ lè gbọ́ ọ, kí wọ́n sì sọ bóyá ibi tó dárúkọ ni ahọ́n rẹ̀ ti gbó lóòótọ́; àwọn ìjọba mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 2004, onímọ̀ èdè 19 kọ ìlànà jáde láti kìlọ̀ pé èdè lè fi ibi tí ènìyàn gbé dàgbà hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn pé ọmọ orílẹ̀-èdè báyìí ni. Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé irú àbọ̀ olùtúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ àwọn kan tó ní Sòmálíà ni àwọn ti wá, tí àwọn olùtúpalẹ̀ tí a fi nọ́ńbà bo orúkọ wọn sì sọ pé ẹ̀ka-èdè ti Kẹ́ńyà ló wà lẹ́nu wọn. Àwọn adájọ́ sì sọ pé kí àwọn olùtúpalẹ̀ náà má kọjá ibi tí ìmọ̀ wọn mọ. Ènìyàn kúkú ni wọ́n. Agbẹjọ́rò lè béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ní 2015, nǹkan bí 890,000 ènìyàn wá sá di Jámánì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àṣírí tú pé ọ̀gá sójà kan, ọmọ Jámánì, ti lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ará Síríà, pé èdè Faransé ni wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àti pé wọ́n sì fún un ní ibi ìsádi. Kò sí ẹ̀rọ tí à bá nílò kí á tó fura sí èyí! Ọdún 2017 yẹn náà ni BAMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àtìpó ní ìlú Nuremberg, gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá wọ inú iṣẹ́ náà. A ó fi tẹlifóònù lé ogúnléndé lọ́wọ́, a ó fi àwòrán kan hàn án, òun yóò sì máa fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó rí fún bí ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ̀rọ yóò tẹ ìwé jáde pé ìdá báyìí nínú 100 ohùn yìí jọ Lárúbáwá ti Levant, ìdá báyìí jọ ti Íjíbítì. Ìwé yẹn ni yóò wà níwájú òṣìṣẹ́ tí yóò gbọ́ ìtàn ogúnléndé náà. Àjọ náà ní àmì lásán ni, kì í ṣe ìdájọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ti ẹ̀rọ yìí tún yàtọ̀, nítorí kò gbọ́ ẹjọ́ rárá, ohùn nìkan ló gbọ́.

Lárúbáwá ti Levant yìí sì ń bẹ lẹ́nu ará Síríà, ó ń bẹ lẹ́nu ará Lẹ́bánọ́nì, ó ń bẹ lẹ́nu ará Jọ́dánì pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó sá fún ogun Síríà ni ìjọba Jámánì ń wá nígbà náà. Kò yẹ kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé èyí fún Yorùbá, àwa tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà sí wa láàárín ní 1889, tí Kétu ọmọ Alákétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, níbi tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, tí Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá pe ẹnì kan láti Kétu àti ẹnì kan láti Ìmẹ̀kọ sí ìdí tẹlifóònù ìlú Nuremberg, ìdá mélòó nínú 100 ni yóò sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀?

Lọ́ńdọ̀nù ti wá gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2025, ìjọba ibẹ̀ tẹ àbọ̀ jáde lórí ẹ̀rọ kan tó ń ka ohun tí ogúnléndé sọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tó sì ń ké e kúrú fún òṣìṣẹ́ tí yóò pinnu. Wọ́n ní ó ń dín nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 kù lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú àkékúrú tó kọ nígbà ìdánwò, ìdá 9 nínú 100 ni wọ́n yọ kúrò, nítorí pé àṣìṣe wà nínú wọn, tàbí pé wọn kò tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde nínú ohun tí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.