Láti Àgbàlá dé Ọ̀dẹ̀dẹ̀: Ìtàn Ilé Gbígbé ní Èkó

Kí owó ilé tó di ọ̀rọ̀ tí ń lé oorun lójú ará Èkó, Èkó akéte, Èkó àrómisálẹ̀, àwọn ìjòyè Ìdéjọ, ọmọ Ọlọ́fin, ni wọ́n ni ilẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni àlejò tí ó bá wá sá di wọ́n ti ń gba ibi tí yóò kọ́lé sí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, ilé ẹbí ni ilé: baba, àwọn ìyàwó, ọmọ, ìwọ̀fà àti ẹrú pàápàá, gbogbo wọn ni yàrá wọn kọjú sí àgbàlá kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, inú ilé náà ni wọ́n sì ń sin òkú sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá lóun fẹ́ ta irú ilé bẹ́ẹ̀, egungun baba rẹ̀ ni ó gbé lé àtẹ.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ ìlú ní 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tí ogun ti kó lẹ́rú sì túbọ̀ ń ya wálé. Àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone dé tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ̀gbówó. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil àti Cuba dé gba Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà paraku ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà yìí, àwọn ni wọ́n sì yí ojú ilé Èkó padà. Wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n yọ òdòdó sára ògiri, wọ́n gbẹ́ orí fèrèsé róbótó, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú yàrá lọ́tùn-ún àti lósì. Ilé Olómi ìdílé da Rocha ní Òpópónà Kákàwá, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára kànga inú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn, nítorí òun ni ó jogún Èkó lọ́wọ́ àgbàlá.

Nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ síwèé ní 1861 tí Èkó bọ́ sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ di ohun tí à ń fi ìwé tà. Àwọn onílẹ̀ kò káwọ́ gbera: Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, gbé ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ní 1921 ni wọ́n sì dá a láre. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọjà ilẹ̀ ti ná kọjá ohun tí ìdájọ́ lè dá dúró.

Ní 1901, ojú irin láti Ìdó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí afárá Kátà tí ó so Ìdó mọ́ erékùṣù. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti oko àti ìlú òkè. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: nínú ilé tí ó ti há gádígádí ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1924. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928, tí ìgbìmọ̀ náà sì la ilẹ̀ Yábàá.

Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó padà wá ní 1955, ó ní òun yóò wó nǹkan bí 70 ékà ní àárín gbùngbùn Èkó. Òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, ojú sì ń ti àwọn olóṣèlú pé irú ilé wọ̀nyẹn ni olú ìlú yóò fi gba àlejò. Wọ́n kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, ilé tí ó mọ́, tí ó sì gba afẹ́fẹ́. Wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀. Òyìnbó kan, Peter Marris, lọ bi wọ́n léèrè bí ó ti rí fún wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní 1961. Ìyá tí ń patẹ síwájú ilé ara rẹ̀ ní erékùṣù kò rí oníbàárà mọ́. Ọmọ tí ń kọjá kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ní láti wọkọ̀, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oúnjẹ. Ẹbí tí ó ti ń jẹun nínú àwo kan fọ́n ká. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ògiri. N kò gbà pé a lè sọ ọ́ fún ẹbí.

Ibi tí àgbàlá ti kúrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn Àgùdà ni ó gorí oyè. Àwọn onílé ní Ṣómólú àti Agége kọ́ yàrá mẹ́wàá tí ó kọjú síra wọn, ìdílé kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà kálukú, garawa lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ omi láti ìdájí, àti ìjà lórí ta ni yóò san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iná. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Síbẹ̀ irú ilé yìí ni Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti Tápà ti di ìyekan, tí ayálégbé kan sì ń bá èkejì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru.

Ẹni tí ó bá ń wá irú yàrá bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí yóò kọ́kọ́ sanwó fún éjẹ́ǹtì, yóò san ti lọ́yà, kí ó tó kan onílé tí ó lè béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má ṣe gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà dára; àwọn onílé tí ń pa á mọ́ ni kò pọ̀.