Ilé Wo Là Ń Wò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òwe náà kò sọ irú ilé tí à ń wò: ṣé ilé tí wọ́n bí ọmọ sí ni, àbí orírun tí wọ́n ti kó baba ńlá rẹ̀ lọ? Orí ìbéèrè yìí ni "Everyday Use" dá lé, ìtàn kúkúrú tí Alice Walker, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1973.

Nínú ìtàn náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dee kàwé, ó gbé ìlú ńlá, ó wá bẹ ìyá rẹ̀ wò lábúlé. Ó ní òun kì í ṣe Dee mọ́, Wangero ni òun ń jẹ́. Òun kò lè máa jẹ́ orúkọ àwọn tó ń ni òun lára. Ìyá ní orúkọ ọmọ ìyá òun ni, ìyá àgbà sì ti jẹ́ ẹ ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn yìí wọ kíláàsì kan ní Ilemona, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Oyun, nítòsí Ọ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ bí oríkì Ọlọ́fà ṣe ń mẹ́nu kan ìjàkadì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè tọ́ka ọmọ sílé. Kíákíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dá Dee lẹ́bi. Kí olùkọ́ má tètè gbè wọ́n. Òwò ẹrú ló gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá Dee. Òun náà ń wolé, àmọ́ ilé tí kò gbé rí ló ń wò, ó sì fojú fo èyí tó tọ́ ọ dàgbà.

Òǹkọ̀wé kò wàásù èyí. Ọnà èdè ló fi gbé e yọ. Àmì tó gbópọn jù ni aṣọ ìbora tí ìyá àgbà fi ègé aṣọ ìdílé tò pọ̀, títí kan ègé kan lára aṣọ ológun tí baba ńlá wọn, Ezra, wọ̀ nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Dee fẹ́ gbé e kọ́. Maggie àbúrò rẹ̀, tí ìyá ti ṣèlérí aṣọ náà fún, á fi bora títí á fi gbó. Ṣùgbọ́n Maggie mọ̀ ọ́n rán. Bó gbó, á rán òmíràn.

Ọnà kejì ni ẹni tó ń sọ ìtàn. Ìyá ni, ohun tó bá rí là ń rí. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n tún ìran orúkọ yẹn kọ láti ẹnu Dee. Ẹni tí wọ́n pè ní agbéraga lè wá di ẹni tó ń wá ohun tó sọnù.

Lẹ́yìn náà, kí kálukú mú nǹkan kan nílé wọn, bí ọlọ ìyá àgbà tàbí aṣọ òfì, kó fi kọ ìtàn ojú ewé kan láìlo ọ̀rọ̀ náà "àṣà" rárá. Bí a bá kà á tán tí a mọ irú ilé tí ọmọ náà ti wá, ó ti mọ àmì lò. Ẹni tó kàn kọ ọ́ pé ọlọ dúró fún àṣà, ìtumọ̀ ló há sórí.