Ẹni tí ó Jẹ Dídùn: Ìtàn Gbèsè Àtúnṣe Ilé Ọlọ́run ní Ilẹ̀ England

Bí a bá bi ẹ̀yin olùkàwé wa léèrè pé ta ni ó ni ẹrù àtúnṣe ilé Ọlọ́run, ìdáhùn yín kì yóò pẹ́: ìjọ tí ń jọ́sìn níbẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí láàrin wa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ England, níbi tí Ìjọ wa ti ṣẹ̀ wá, òfin kan wà tí ó lè gbé ẹrù yìí lé orí ẹni tí kò tilẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run náà rí, kìkì nítorí pé ó ni pápá kan tàbí ilé kan. Ìtàn òfin náà ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń tọ́jú ohun ìní Ìjọ.

Ní ayé àtijọ́, àlùfáà tí ó ni páríìṣì ní England ni à ń pè ní rector. Tirẹ̀ ni ìdámẹ́wàá ńlá, èyíinì ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkà àti koríko gbígbẹ tí àwọn àgbẹ̀ bá kó jọ. A sì pín ilé Ọlọ́run sí ọ̀nà méjì: gbọ̀ngàn tí ìjọ ń jókòó sí, àti ibi pẹpẹ ní apá ìlà-oòrùn. Àwọn ará páríìṣì ni ń tún gbọ̀ngàn ṣe. Rector ni ń tún ibi pẹpẹ ṣe. Kò sí ìrẹ́jẹ nínú ètò yìí. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹni tí ó jẹ dídùn ni yóò jẹ kíkan. Rector ń jẹ ìdámẹ́wàá, ó sì tọ́ kí ó ra pákó àti òkúta.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ nínú ipò rector bọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé mọ́ńkì, àwọn ni ó sì ń gba ìdámẹ́wàá. Láàrin ọdún 1536 sí 1540, Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé wọ̀nyí ká, ó gba ohun ìní wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sì tà tàbí tí a fi ta àwọn ọlọ́lá lọ́rẹ. Báyìí ni àwọn tí kì í ṣe àlùfáà ṣe di rector. Wọn kò lè wàásù, wọn kò lè ṣe ìsìn. Ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá di tiwọn, ẹrù ibi pẹpẹ sì bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí pín àwọn pápá tí gbogbo ìlú ti ń lò pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a fún ẹni tí ó ni ìdámẹ́wàá ní ilẹ̀ dípò rẹ̀. Ìdámẹ́wàá parẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojúṣe àtúnṣe lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. A gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a tà á, a tún un tà. Ní ọdún 1932, òfin mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé ẹjọ́ Ìjọ, ó fi í lé ilé ẹjọ́ ìjọba lọ́wọ́. Ní ọdún 1935, nínú ẹjọ́ ìjọ Wickhambrook ní Suffolk, àwọn onídàájọ́ sọ pé ẹni tí ó ni díẹ̀ nínú irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ lè ru gbogbo iye àtúnṣe, bí ó tilẹ̀ ju èrè tí ó ń rí níbẹ̀ lọ. Kíkan ti wá pọ̀ ju dídùn lọ.

Ẹjọ́ tí ó la gbogbo ènìyàn lójú ni ti Aston Cantlow ní Warwickshire. A ti pín àwọn pápá ibẹ̀ ní ọdún 1743. Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú ilẹ̀ tí a fi rọ́pò ìdámẹ́wàá wà lọ́wọ́ tọkọtaya àgbẹ̀ kan. Ibi pẹpẹ ilé Ọlọ́run náà ti bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọ sì bèèrè ohun tí ó ju £95,000 lọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tọkọtaya náà jà á dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2001 a dá wọn láre, pé ìbéèrè náà tako ẹ̀tọ́ tí òfin fi fún ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, House of Lords, tí í ṣe ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ nígbà náà, yí ìdájọ́ náà padà: ẹni tí ó gba ilẹ̀ gba ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2007 a fi iye àtúnṣe sí nǹkan bí £187,000, láìka owó orí àti owó ẹjọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ta oko náà.

Ẹ má ṣe yára dá ìgbìmọ̀ ìjọ náà lẹ́bi. Alágbàtọ́ ni wọ́n lójú òfin. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ owó tí ó tọ́ sí Ìjọ láìnídìí, a lè ní kí wọ́n fi owó ara wọn dí i. Síbẹ̀ a kò lè ṣàìwí pé ìjọ tí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ báyìí lè pàdánù àwọn aládùúgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ni a rán an sí. Ìbàjẹ́ náà kò ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá. Ó ti inú òfin tí ó jẹ́ kí dídùn kú, tí ó sì dá kíkan sí.

A ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ó yẹ kí òfin náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1985, àwọn tí ìjọba England yàn láti máa yẹ òfin wò dámọ̀ràn pé kí a fi ọdún mẹ́wàá sí i, kí ó sì parí. Ilé Aṣòfin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2002 ni ó mú ìtura díẹ̀ wá: láti ọjọ́ 13 oṣù October ọdún 2013, bí a kò bá tíì kọ ẹrù náà sí ìwé ilẹ̀ ìjọba, ẹni tí ó bá fi owó ra ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ náà, tí ó sì forúkọ sílẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ta ilẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà lè wà lábẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Òfin yìí kò bá àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. gòkè wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọrẹ àti owó ìjọ ni a fi ń gbé ilé Ọlọ́run wa ró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjọ wa ni àwọn ọba, ìjòyè àti ẹbí fi ta Ìjọ lọ́rẹ, májẹ̀mú ẹnu nìkan ni ó sì wà lórí òmíràn. Ẹni tí ó fi fúnni ti sùn, ẹni tí ó gbà á ti sùn, ọmọ àwọn méjèèjì ni yóò jìyà ohun tí a kò kọ. Nítorí náà, kí àwọn alàgbà ìjọ wá ìwé ilẹ̀ wọn jáde. Kí wọ́n kọ ohun tí a fi fúnni, ìdí tí a fi fúnni, ẹrù tí ó bá a rìn, àti ọjọ́ tí ẹrù náà yóò tán. Bí ẹ̀bùn kan bá sì ti parẹ́ pátápátá, kí Ìjọ má ṣe máa bèèrè ojúṣe rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ.