Òpó Tí Kò Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bi ọmọ Yorùbá pé kí ni òpó. Á ní igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ilé lè dúró ni. Ṣebí orílẹ̀ kan tiẹ̀ ń jẹ́ Òpómúléró. Nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ń gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ọba, ó gbẹ́ ayaba sẹ́yìn ọba, àmọ́ ilẹ̀ náà ni ìdí òpó wà.

Òpó kan wà ṣá tí kò mọ ilẹ̀ rárá. Òkè àjà ló ń gbé.

Nínú agboolé àtijọ́, yàrá kì í fẹ̀, ògiri sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀rẹ̀ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sì fúyẹ́ lórí ilé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí pálọ̀ ńlá, tí ẹ ò fẹ́ òpó láàárín ńkọ́? Káfíńtà á fi igi méjì forí ti ara wọn bí ẹni ń jìjàkadì. Ẹsẹ̀ wọn á fẹ́ yọ̀ síta, kó ti ògiri ṣubú. Ó yá, á fi igi gbọọrọ kan dábùú, á fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Igi ìdábùú yìí náà gùn, àárín rẹ̀ á fẹ́ tẹ̀. Ibẹ̀ ni òpó wa ti wọlé, èyí tí òyìnbó ń pè ní king post.

Ẹni tó bá wò ó á rò pé ó dúró lórí igi ìdábùú, ó ń ti òkè sókè. Irọ́ ni o! Ó so rọ̀ ni. Igi méjì tó forí kora ló dì í mú lókè, òun náà wá di igi ìdábùú mú nísàlẹ̀ kó má tẹ̀. Nígbà mìíràn, ìdí rẹ̀ kì í tiẹ̀ kan igi ìsàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ló so wọ́n pọ̀.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ igi àti ilé lÉkòó, a ò lè fo àwọn Àgùdà. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Bahia ní 1835 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Brazil. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, kò jìnnà sí Ìṣàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dání. Balthazar dos Reis, káfíńtà ọ̀gá, gba mẹ́dà níbi ìpàtẹ London ní 1886. João Baptista da Costa àti Sànúsí Aka ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n fa àwọn èèyàn yìí tu kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbé ìlú ró. Ẹ ò rí i pé wọ́n jọ òpó ọ̀hún?

Ilé Ilojo Bar ní Tinúubú kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí ní 1956, àmọ́ wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 2016. Àwòrán tí a máa ń rí, ojú ilé ni: fèrèsé, ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun. Ta ló gun òkè àjà lọ yàwòrán igi? Ọjọ́ tí ilé wó, iṣẹ́ káfíńtà inú rẹ̀ bá a lọ, orúkọ tí wọ́n ń pe igi kọ̀ọ̀kan náà sì ń bá àwọn àgbà lọ.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá, iṣẹ́ wa nìyẹn. Tí ẹ bá dé Ìṣàlẹ̀ Èkó, ẹ kí bàbá káfíńtà dáadáa. Ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ ń pe igi yìí?" Kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé tó wó.